Obìnrin Tó Sọ Pé Òun Fẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìtàn Àròsọ Èdè Telugu

Àwọn tó fẹ́ràn ìwé ilẹ̀ Íńdíà máa ń bi mí léèrè nípa àwọn òǹkọ̀wé Telugu: bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nípa obìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọkùnrin, obìnrin tí ilé ọkọ sú, àti ìdí tí ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bi ọkùnrin fi ń di ẹjọ́ sí obìnrin lọ́rùn. Mo kó àwọn ìbéèrè tó ń wáyé jù jọ síbí. Èyí tó bá lẹ́ran lára, mo jókòó tì í. Èyí tí kò ní, mo kọjá lára rẹ̀.

Àwọn wo ló ń sọ Telugu?

Èdè ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh àti Telangana ni, ní gúúsù Íńdíà. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n títí di ọdún 2014 tí Telangana dá dúró. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn tó ń sọ ọ́ bí èdè abínibí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 81. Ẹni tó bá gbọ́ orin Íńdíà tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2023, tí àwọn ọkùnrin méjì ń jó tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, Telugu ló gbọ́ yẹn.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó síwájú nínú ìtàn wọn tó bẹ́ẹ̀?

Owó ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láàrin àwọn Bráhmínì, ìyẹn ìran àwọn àlùfáà Híńdù, ní agbègbè Visakhapatnam, bàbá tó bá bímọ obìnrin lè gba owó gọbọi lọ́wọ́ arúgbó tó fẹ́ fi ọmọ náà ṣaya. Ẹ má rò pé owó orí bíi tiwa ni mò ń wí. Wọ́n ń ná ọmọ bí ẹni ná màlúù ni. Ọba Vizianagaram ní kí wọ́n ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ tó wáyé láàrin ọdún mẹ́ta: wọ́n ka 1,034. Ọmọ ọdún márùn-ún jẹ́ 99 nínú wọn. Àwọn mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún kan, ọmọ tó ṣì ń mu ọmú, owó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà láàrin rúpíì 350 sí 400.

Gurajada Apparao (1862–1915), tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọba yìí, ló fi ìṣirò náà sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú eré orí ìtàgé rẹ̀, Kanyasulkam. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà lọ́dún 1892, ó di ìwé lọ́dún 1897, Gurajada sì tún un kọ pátápátá lọ́dún 1909.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń já sí. Arúgbó á kú, ọmọ tí kò tíì bàlágà á di opó. Opó Bráhmínì kò gbọdọ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, kò gbọdọ̀ wọ ohun ọ̀ṣọ́, wọ́n sì máa ń fá irun orí rẹ̀. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bá kú, kí ọdún tó yípo, ó ti rí òmíràn fẹ́. Òfin ọdún 1856 ti gba opó láyè láti tún ọkọ fẹ́, ṣùgbọ́n òfin wà nínú ìwé, àwọn ẹbí wà nílé. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1881 ni Kandukuri Veeresalingam (1848–1919) tó so opó àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ọkọ tuntun ní ìlú Rajahmundry. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí orúkọ ọkùnrin yìí, torí yóò tún yọjú, kò sì ní dùn ún gbọ́.

Nínú Kanyasulkam, bàbá kan ti ta ọmọ rẹ̀ àgbà, Buchamma, fún arúgbó. Arúgbó ti kú, Buchamma ti di opó, bàbá sì tún fẹ́ ta àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́nu-dídùn kan, Girisam, wọlé, ó ń fi ọ̀rọ̀ àtúnṣe ìlú bojú, kó lè rí Buchamma mú lọ. Ẹni tí orí rẹ̀ pé jù nínú eré náà ni Madhuravani, obìnrin tí àwọn ọkùnrin ń sanwó fún. Òun ló ń tú gbogbo wọn fó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé Madhuravani nìkan ló lè la ẹnu sọ ohun tó fẹ́ àti iye tó fẹ́ ẹ. Buchamma, ọmọ dáadáa, ọmọ ilé ire, ẹlòmíràn ló ń bá a fẹ́ nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bàbá rẹ̀ ní kó fẹ́ arúgbó, Girisam ní kó bá òun lọ, àwọn alátùn-únṣe ní kó lọ sí ilé àwọn opó.

Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba fòfin de ìwé kan torí pé obìnrin ló kọ ọ́?

Òfin kò sọ ọ́ báyẹn. Ó ní ìwé náà jẹ́ ìwé ọ̀rọ̀ rírùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Muddupalani jẹ́ obìnrin ààfin ní Thanjavur ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, lásìkò ọba Pratapasimha (1739–1763). Ilẹ̀ àwọn Tamil ni Thanjavur, àmọ́ Telugu ni wọ́n fi ń kéwì láàfin. Kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ní ìmọ̀ ìwé, owó ọwọ́ ara rẹ̀ àti àyè láti kọ̀wé. Nínú ìwé rẹ̀, ó yangàn pé obìnrin wo ló tún wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi iṣẹ́ wọn júbà fún bí òun.

Radhika Santvanamu ni ìwé náà, ìtàn gígùn tó fi ewì kọ nípa òrìṣà Krishna àti Radha, olólùfẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti kọ nípa àwọn méjèèjì ṣáájú rẹ̀, tí Krishna ń lé, tí Radha ń tijú. Muddupalani dojú rẹ̀ délẹ̀. Radha tirẹ̀ ti dàgbà. Òun ló tọ́ Ila, ọmọge tí Krishna gbé níyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọmọ náà jókòó tó sọ fún un bí alẹ́ ìgbéyàwó ṣe rí, tó sì kìlọ̀ fún Krishna kó ṣe é jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tán ló wá ku òun nìkan níta, tí owú ń jó o, tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí Krishna padà wá, òun ló ń bẹ̀. Radha bínú, ó lé e, ó fà á mọ́ra, ohun tó fẹ́ ló sì ṣe. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò dá a dúró, ojú ayé kò dá a dúró.

Veeresalingam ka ìwé yìí. Ọkùnrin tó ń wá ọkọ fún opó yìí ní ìwé náà ti bàjẹ́ jù, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó gba ẹnu obìnrin jáde, ó sì fi irú ìgbésí ayé tí Muddupalani gbé ṣe ẹ̀rí lòdì sí i. Ó fẹ́ kí obìnrin ní ọkọ. Kí obìnrin sọ ohun tó ń fẹ́ ọkọ fún ni kò fẹ́ gbọ́.

Bangalore Nagarathnamma (1878–1952) ló gbà á ní ìjà. Olórin tó lórúkọ ní Madras ni, àwọn obìnrin òrìṣà tí wọ́n ń pè ní devadasi ló bí i. Ó rí ẹ̀dà tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀, ó wá èyí tó pé kàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1910. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ló ti bi Veeresalingam léèrè: ṣé obìnrin nìkan ni ìtìjú wà fún ni? Àwọn ọkùnrin ti kọ ohun tó ju èyí lọ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń kà á, wọ́n ń yìn ín. Títí dòní, n kò tíì rí ìdáhùn gidi kan sí ìbéèrè yẹn. Lọ́dún 1911, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ẹ̀dà ìwé náà, wọ́n sì fòfin dè é. Ọdún 1947 ni òfin yẹn tó kúrò.

Ta ni Chalam, kí sì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ bú u tó bẹ́ẹ̀?

Gudipati Venkata Chalam (1894–1979). Ọmọ Bráhmínì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò káàkiri. Ní ọdún 1927 ló kọ Maidanam. Rajeswari ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Ìyàwó lọ́yà ni, Bráhmínì, ilé rẹ̀ kún. Amir, ọkùnrin mùsùlùmí kan, wọ ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì bá a lọ. Ahéré kan lórí pápá gbalasa lẹ́bàá odò ni wọ́n ń gbé. Kò sí aládùúgbò, kò sí ìyá ọkọ, kò sí ẹni tó ń bi í pé níbo lo ti ń bọ̀.

Ohun tó múnú bí àwọn òǹkàwé jù kì í ṣe pé ó sá lọ. Chalam kò sọ ọkọ rẹ̀ di òǹrorò. Ká ní ọkọ ń lù ú lálùbolẹ̀ ni, ká ní ọ̀mùtí ni, àwọn èèyàn ì bá wí pé ẹ fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí tó. Obìnrin tó jìyà, àánú rẹ̀ á ṣeni. Rajeswari kò tọrọ àánú. Ó lọ torí pé ó wù ú, ó sì ń sọ ọ́ láìfi omijé bò ó. Ẹ tún wá fi kún un pé mùsùlùmí ni ọkùnrin náà. Ìwé kan ṣoṣo fi ẹsẹ̀ tẹ ìgbéyàwó, ẹ̀sìn àti ìran tí wọ́n bí èèyàn sí mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, Stree, Chalam kọ ohun tí àwọn Telugu ṣì ń tún sọ dòní: obìnrin ní ara, ẹ jẹ́ kó fi ṣe eré ìdárayá, ó ní ọpọlọ, ẹ jẹ́ kó ní ìmọ̀, ó ní ọkàn, ẹ jẹ́ kó tọ́ ayé wò. Wọ́n pè é ní abanilọ́mọjẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá kò jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn fojú kan ìwé rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ti ń kà á. Lọ́dún 1950 ó kó lọ sí Arunachalam, ní ìtòsí ilé àdúrà Ramana Maharshi, olùkọ́ ẹ̀mí kan tó lókìkí, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú.

Ṣé ọ̀rẹ́ obìnrin ni Chalam lóòótọ́?

Dé ìwọ̀n kan. Ohun tí Rajeswari fẹ́, ọkùnrin náà ni. Ó kúrò lábẹ́ ọkọ, ó sì wá fi ara rẹ̀ jìn fún Amir bí olùfọkànsìn ṣe ń sin òrìṣà. Kò ní iṣẹ́, kò ní owó, kò sí ọ̀rẹ́. Nígbà tí ojú Amir tún lọ sára obìnrin mìíràn, Rajeswari gbà á láyè, ó tiẹ̀ bá a wá ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí òun náà wá sún mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Meera, Amir kò lè gbà á mọ́ra. Ìtàn náà sì parí sí ikú. Ẹ ò rí i? Wọ́n sá kúrò nílùú tán, kò sí ìyá ọkọ, kò sí àlùfáà, òṣùwọ̀n méjì ṣì bá wọn dé orí pápá.

Àwọn kan ní Chalam kò rí èyí, pé ọkàn ọkùnrin tirẹ̀ náà ló ń bá a kọ̀wé. Èmi rò pé ó rí i. Ẹni tí kò bá rí i kò ní kọ ìparí yẹn bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọkùnrin òǹkọ̀wé tó kù ńkọ́?

Gurajada tún kọ ìtàn kúkúrú kan lọ́dún 1910, Diddubatu. Gopala Rao ti ibi ijó àwọn oníjó dé ní òru, ó bá ilé ní òfìfo. Ìyàwó rẹ̀, Kamalini, ti fi lẹ́tà sílẹ̀ pé òun ti lọ sílé bàbá òun. Ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bú ara rẹ̀, ó ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Ẹ̀rín ló gbọ́ lábẹ́ ibùsùn: ibẹ̀ ni ìyàwó wà látàárọ̀. Ìtàn aládùn ni, àmọ́ ẹ yí i padà wò. Ká ní Kamalini ló ti òde ijó dé ní òru, ṣé ẹ̀rín la máa rín?

Buchi Babu (1916–1967) gba ọ̀nà mìíràn nínú Chivaraku Migiledi, tó jáde lọ́dún 1946. Ọkùnrin tó ń jẹ́ Dayanidhi ni ìtàn náà dá lé, ṣùgbọ́n ohun tó ń lé e kiri ni ahesọ pé ìyá rẹ̀ ní ọkùnrin níta. Ìyá ti kú, ahesọ kò kú. Kò sí ìlú tó wọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò bá a dé. Bàbá ẹlòmíràn lè ní àlè mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ á ṣì máa yan lọ láàrin ìgboro.

Viswanatha Satyanarayana (1895–1976), ẹni tó kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ Jnanpith fún èdè Telugu, lọ́dún 1970, wà ní òdìkejì pátápátá. Nínú Veyipadagalu tirẹ̀, ìyàwó rere ni òpó ilé, ìfẹ́ ọkàn Girika, ọmọbìnrin òrìṣà, sì di ìjọsìn. Ìwé ńlá ni, ó kọ ọ́ dáadáa, n kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà wo ni àwọn obìnrin wá gba kálàmù?

Tipẹ́tipẹ́. Bhandaru Acchamamba (1874–1905) ti ń kọ ìtàn kúkúrú nínú ìwé ìròyìn obìnrin, Hindu Sundari, lọ́dún 1902, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Diddubatu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ìgbà pípẹ́, Gurajada ni wọ́n ń pè ní bàbá ìtàn kúkúrú Telugu. Ìtàn rẹ̀ kan dá lórí ìyàwó tó dá ọkọ rẹ̀ dúró kó má jalè. Obìnrin olóòótọ́, ẹ ò lè fi ìka kàn án.

Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970 ni ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ ń tẹ ìtàn ní ìpín-ìpín, obìnrin ló ń kọ ọ́, obìnrin ló ń kà á, débi pé àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ obìnrin kọ̀wé kí ọjà wọn lè tà. Yaddanapudi Sulochana Rani (1940–2018) ni ìlúmọ̀ọ́ká jù nínú wọn. Nínú Secretary, Jayanthi jẹ́ ọmọge tó ń ṣiṣẹ́, tí kò gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó sì fẹ́ ọ̀gá náà gbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fojú tín-ín-rín wo irú ìwé yìí. Èmi kò ní bá wọn dá sí i. Fún ọmọge tí wọ́n fẹ́ fi fún ọkùnrin tí kò rí rí, ìtàn tí obìnrin ti ń wo ọkùnrin dáadáa kó tó yàn án, tí ó ń wo èjìká rẹ̀, mọ́tò rẹ̀, ìwà rẹ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ranganayakamma, tí wọ́n bí lọ́dún 1939, kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ìgbéyàwó tó ń wó ló ń kọ, ẹni tó ń fọ abọ́, ẹni tó ń jẹun sínú abọ́, ẹni tó ni owó. Láàrin 1974 sí 1976 ó tẹ ìwé mẹ́ta jáde, Ramayana Vishavriksham, tó fi pe Ramayana, ìtàn mímọ́ àtijọ́ àwọn Híńdù, ní igi olóró. Ariwo tó tẹ̀lé e kò tíì rọlẹ̀ tán.

Mo gbọ́ nípa ìtàn ìyàwó ilé kan tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ta ló kọ ọ́?

P. Sathyavathi, tí wọ́n bí lọ́dún 1940. Illalakagane ni àkọlé rẹ̀, ó jáde lọ́dún 1990, kò sì gùn rárá. Obìnrin kan mọ ilé nù tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ kan bọ́ sí i lójijì pé òun kò mọ orúkọ òun mọ́. Ó bi obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ilé. Ìyẹn ní kí ni tàwa pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá, ìyá ilé funfun ìsàlẹ̀ yẹn ṣáà ni yín. Ó bi àwọn ọmọ. Wọ́n ní Màmá ni. Lẹ́tà tó ń wọlé, orúkọ ọkọ ló wà níwájú. Ọkọ náà kò rí ohun tó le níbẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀, kó lè wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àtijọ́. Kò mọ orúkọ náà àyàfi ìgbà tó pàdé ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan tó kí i ní orúkọ: Sarada! Ọ̀rẹ́ yẹn rán an létí pé òun ló ń gba ipò kìíní, òun ló ń kọrin, òun ló ń ya àwòrán.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí àlè nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni tó lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkàn ṣì ni. Ẹni tí kò ní orúkọ, ta ni yóò sọ pé òun fẹ́ nǹkan?

Kí ló gbé Volga dé ọ̀rọ̀ Sita?

Volga ni orúkọ ìkọ̀wé P. Lalitha Kumari, tí wọ́n bí lọ́dún 1950. Ìwé rẹ̀ Sweccha, ti ọdún 1987, ló kọ́kọ́ dá awuyewuye sílẹ̀: Aruna rò pé ìgbéyàwó tí òun fọwọ́ ara òun yàn ni yóò tú òun sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ó wá rí i pé ilé ló pààrọ̀, ẹ̀wọ̀n kò yí padà. Vimukta, àkójọ ìtàn rẹ̀ tó gba àmì ẹ̀yẹ Sahitya Akademi lọ́dún 2015, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ lójú ìwé yìí.

Nínú Ramayana, Sita ni ìyàwó tí gbogbo ìyá ń fi kọ́ ọmọ. Ọkọ rẹ̀, Rama, ní kó gba inú iná kọjá kó lè fi hàn pé ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣe é, Rama sì tún lé e sínú igbó pẹ̀lú oyún. Volga mú Sita lọ bá àwọn obìnrin tí ìtàn náà ti gbá dànù. Àkọ́kọ́ ni Surpanakha, tó sọ fún Rama pé ó wu òun, tí wọ́n sì gé imú àti etí rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ìtàn àtijọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Àwọn ọmọ Sita ló ṣèèṣì wọ ọgbà òdòdó kan, wọ́n sì wá sọ fún ìyá wọn pé obìnrin tí kò nímú ló ni ín. Sita lọ. Surpanakha jókòó ti àwọn òdòdó rẹ̀, ó sọ bí ó ti pẹ́ tó kí ìbínú tó kúrò lára òun, bí ó ṣe kọ́ láti fẹ́ràn ohun tó lẹ́wà láìní ojú tó lẹ́wà. Ó ti ní ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, Sudhira, ìyẹn kì í sì í ṣe olúwa rẹ̀.

Sita tún pàdé Ahalya, tí òrìṣà Indra bá lò pọ̀ ní àwọ̀ ọkọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń bi Ahalya ni pé, ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ rẹ ni? Ahalya kò dá wọn lóhùn, ó sì kìlọ̀ fún Sita pé kó má ṣe gbà láé kí ẹnikẹ́ni gbé òun yẹ̀ wò bí ọ̀daràn. Ẹ̀yìn ìgbà tí iná ti kọjá ni Sita tó mọ ohun tí ìkìlọ̀ yẹn wúwo tó.

Ṣé kì í ṣe ìṣòro àwọn obìnrin Bráhmínì nìkan ni gbogbo èyí?

Ìbéèrè yìí dáa, àwọn obìnrin Dalit, tí àwọn tó kù kà sí ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ti ń bi í látọjọ́ pípẹ́. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ lóko olóko láti àárọ̀ kò ní ilé funfun tí yóò máa nù. Obìnrin tó wá kí Sarada lórúkọ “ìyá ilé funfun” yẹn, ta ló bi òun ní orúkọ tirẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò jù ni ti àwọn jogini ní Telangana. Ọmọbìnrin Dalit ni wọ́n máa ń fà fún òrìṣà Yellamma. Kò ní lọ́kọ, àwọn ọkùnrin abúlé, pàápàá àwọn onílẹ̀, á sì máa wọlé tọ̀ ọ́. Ta wá ni Yellamma? Renuka ni, aya Jamadagni, tí ọkọ rẹ̀ ní kí ọmọ rẹ̀ bẹ́ lórí torí pé ojú rẹ̀ kan ọkùnrin arẹwà kan, ọkàn rẹ̀ sì fà díẹ̀. Obìnrin kan kú nítorí ìṣẹ́jú kan tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ti gbogbo ọkùnrin. Volga náà kọ nípa Renuka nínú Vimukta. Gogu Shyamala, òǹkọ̀wé Dalit, ló kọ ti ìhà kejì: bàbá kan tó kọ̀ láti fi ọmọ rẹ̀ ṣe jogini, tó gbé e sá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì fi ìyà jẹ bàbá náà. Ìtàn Shyamala jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2012.

Ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, tí Telangana ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, fòfin de àṣà jogini lọ́dún 1988.

Òfin ilẹ̀ Íńdíà ńkọ́? Ṣé ó ti tẹ̀lé àwọn òǹkọ̀wé?

Ó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Òfin ọdún 1929 fi ọdún 14 ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún ọmọbìnrin láti lọ́kọ. Ti ọdún 1955 dá ọkùnrin Híńdù dúró kó má fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ó sì fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni abala 497 nínú òfin ìwà ọ̀daràn: ọkùnrin tó bá bá aya aláya sùn láìgba àṣẹ ọkọ rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n. Láìgba àṣẹ ọkọ! Bí ọkọ bá gbà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe àgbèrè kò sì lẹ́jọ́ kankan láti pè. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó fagi lé e, ọdún 91 lẹ́yìn Maidanam.

Ṣé àwọn òǹkọ̀wé yìí lòdì sí ìgbéyàwó ni?

Ọ̀pọ̀ wọn, rárá. Sarada padà sílé ọkọ rẹ̀, ó kàn ní kó máa pe òun lórúkọ ni. Chalam lòdì sí i, ó sì sọ ọ́ tààrà. Àwọn tó kù ń bèèrè pé kí ló dé tí ọrùn ẹnì kan ṣoṣo fi ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà, níwọ̀n bí n kò ti gbọ́ Telugu?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tó ṣí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn Sarada, ẹ lè kà á tán kí omi tíì tó hó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá The Liberation of Sita, ìyẹn Vimukta, tó jáde lọ́dún 2016. Velcheru Narayana Rao ló túmọ̀ Kanyasulkam, ó pè é ní Girls for Sale, 2007, ó sì pa yín lẹ́rìn-ín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwé Muddupalani jáde lọ́dún 2011 bíi The Appeasement of Radhika. Ẹ ka ìtàn ìwé náà ṣáájú kí ẹ tó ka ewì. Ẹ jẹ́ kí Maidanam kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi í bẹ̀rẹ̀ máa ń bá Chalam jà lójú ewé kẹwàá, kó tó gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin.